Ojú Osùn Nínú Ìgò Ìyá Àgbà

Ilé tí mo ń gbé lónìí kò jìnnà sí Ìyànà Ìyẹsí, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó sì kún yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní èwe, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni ibí yìí, láti etí ọ̀nà Ìdirókò títí dé ibi tí ojú lè rí mọ. Nísinsìnyí, kí oòrùn tó yọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi yóò ti máa bá ti ìjọ ọwọ́ òsì figa gbága, bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yóò máa fun fèrè, àwọn ọmọ tí n kò bí wọ̀nyí yóò sì máa jà sí ìdí ẹ̀rọ omi. N kò fi èyí ṣe àròyé. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ ní ìwé, ariwo èwe kọ́ ni yóò lé mi kúrò nínú ilé mi. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ìbùkún. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti ṣiṣẹ́ ní Sàngó, kẹ́mísírì sì ni òun ń kọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun lo yàrá mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé èmi nìkan ni mo ní kọ́tìnnì tí ó ki.

“Kí ni ìwọ fẹ́ fi òkùnkùn ṣe ní ọ̀sán gangan?” ni mo bi í.

“Iṣẹ́ ilé-ìwé ni, Mọ́mì. Ẹ bá mi jókòó, ẹ ó rí i.”

Ó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan jáde tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, tí kò sì tó ohun tí a lè fi wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ó tàn án sí aṣọ ìtẹ́bùsùn mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fọ̀, aṣọ náà sì là ní àwọ̀ búlúù funfun bí ẹni pé iná wà nínú òwú rẹ̀. Ó tàn án sí Bíbélì mi àtijọ́, ewé Bíbélì náà kò dáhùn. Ó tàn án sí ìwé tí òun fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn dáhùn bí aṣọ. Ó ní ohun tí òun ń wá ni wọ́n ń pè ní fúlọ́rẹ́séǹtì, orúkọ kan náà tí a fi ń pe ọ̀pá iná gbọọrọ tí ó wà ní àjà mi: pé kí nǹkan kan gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, kí ó sì dá a padà ní àwọ̀ mìíràn tí ojú rí dáadáa. Mo na ṣíbí tíì mi sí i. Ṣíbí náà kọ mànà. Mo ní, “Òun náà ń tàn.” Ó mi orí. “Rárá o, Mọ́mì. Àwọ̀ wo ni ẹ rí lára rẹ̀?” Mo ní elésè àlùkò. “Àwọ̀ iná mi nìyẹn. Ṣíbí kàn ń ju iná mi padà sí mi lójú ni. Àwọ̀ tí kò sí nínú iná ni a ń wá.” Ó tún pa tọ́ọ̀ṣì náà lójijì, aṣọ mi sì ṣú lẹ́sẹ̀kan náà. Ó ní bí nǹkan bá ṣì ń tàn lẹ́yìn tí iná ti kúrò lórí rẹ̀, bí ọwọ́ aago mìíràn ti máa ń ṣe, ìbátan rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òun gan-an.

“Bí ènìyàn kò bá wá ní tọ́ọ̀ṣì ńkọ́?”

“Kò ní ṣeé ṣe, Mà.”

“Yóò ṣeé ṣe. Oòrùn ni ìyá tí ó bí bàbá mi fi ń ṣe é.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú. “Mọ́mì! Yunifásítì wo ni màmá àgbà lọ?”

“Kò lọ ibì kankan. Ṣí kọ́tìnnì, kí o jókòó.”

Ọdún tí mo sọ ìtàn rẹ̀ fún un ni ọdún tí mo wà ní ìwé kẹta. Olùkọ́ ni bàbá mi ní ilé-ìwé ìjọ kan ní ìlú mìíràn, òun àti ìyá mi sì fi mí ránṣẹ́ sí agbo-ilé wa ní àárín ìlú Ọ̀tà, kí n lè wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nítorí pé ìyá náà kọ̀ jálẹ̀ láti fi ọlọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa tẹ̀lé ọmọ káàkiri. Ìyá Olósùn ni gbogbo ìlú ń pè é. Èmi ń pè é ní Ìyá Àgbà, òun sì ń pè mí ní Àsàbí. Kò fi ìgbà kan pe orúkọ tí a fi ṣe ìrìbọmi fún mi, ó ní ahọ́n òun kò lè yí i. Igi osùn ni ó ń lọ̀. Ó máa ń fi iyanrìn kíkúnná díẹ̀ àti omi ha gẹdú náà mọ́ ojú òkúta, títí yóò fi di ẹrẹ̀ pupa. Yóò sẹ́ iyanrìn kúrò, yóò jẹ́ kí ẹrẹ̀ náà rọlẹ̀ sí ìdí omi, yóò da omi orí rẹ̀ nù, yóò sì mọ ìyókù ní ìṣù-ìṣù bí ìkúùkù ọmọdé. Àwọn abiyamọ ni ó ń rà á láti fi kun ìkókó wọn, àti àwọn tí ó fẹ́ gbé ìyàwó. Ohùn ọlọ náà ni ó máa ń jí mi láàárọ̀, wùú-rù, wùú-rù, kí àkùkọ Baálé agbo-ilé wa tó kọ ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ni n ó gbọ́ ìgbálẹ̀ lójúde, lẹ́yìn náà ikọ́ Baálé fúnra rẹ̀, tí ó máa ń hú u ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ó sì máa ń kí ọjọ́ náà káàbọ̀ bí ẹni pé àlejò ni.

Iṣẹ́ mi ni láti pọn omi, láti gbá ìdí ọlọ, àti láti nu gíláàsì àtùpà. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni a ń jẹ kí n tó lọ sí ilé-ìwé, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni ti ìrọ̀lẹ́, ẹ̀bà tèmi a sì máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbi tí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Àgbà bá ti kàn án, nítorí pé kò sí ọṣẹ tí ó lè ṣí osùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé-ìwé a máa bú mi pé mo ń jẹ ẹ̀bà ẹlẹ́jẹ̀. Mo sọ fún Ìyá Àgbà. Ó ní, “Sọ fún wọn pé ìyá wọn gan-an, ọwọ́ yìí ni ó kọ́kọ́ kùn ún ní osùn.” Bí ó ti rí nìyẹn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí a bí ní àdúgbò wa tí kò ti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga rẹ̀ pọ̀, èmi náà sì jogún díẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn agẹgi láti ìhà Ìgbẹ̀sà ni ó ń kó gẹdú wá fún un. Igi tí inú rẹ̀ pupa pọ̀ nínú igbó, àwọn agẹgi kan sì wà tí ó rò pé obìnrin arúgbó kò ní mọ èyí tí kì í ṣe osùn. Ìyá Àgbà kì í bá wọn jiyàn. “Àwọ̀ ni olè kọ́kọ́ máa ń jí,” ni yóò wí, yóò sì ní kí wọ́n jókòó mu omi. Yóò ha igi náà díẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan, yóò da omi kànga lé e, yóò sì dúró ní ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè jẹ ẹ̀kọ méjì. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìgò náà sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń wọlé, yóò fi aṣọ dúdú kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì gbé ìgò kejì tí ó ní omi lásán tì í. Bí ènìyàn bá gba inú omi igi náà wo oòrùn, yóò rí i bí tíì tí kò ní mílíìkì. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, tí ó sì wo ìgò náà níwájú aṣọ dúdú, yóò rí i pé búlúù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ omi náà níbi tí oòrùn ti kàn án, búlúù tí ó ń yí bí ọrùn ẹyẹlé. Ojú osùn ni Ìyá Àgbà ń pè é. “Osùn tí kò bá ní ojú, igi ìdáná ni,” ni ó máa ń wí. Mo bi í léèrè ohun tí ìgò omi lásán ń ṣe níbẹ̀. Ó ní ojú ọ̀run náà jẹ́ búlúù, omi lásán a sì máa jí i wọ̀. Bí ìgò méjèèjì bá ń tàn bákan náà, ọ̀run ni ènìyàn ń wò, kì í ṣe igi. Nígbà tí mo dé ibí yìí, Ìbùkún dáwọ́ ẹ̀rín dúró. Ó ní, “Ṣíbí tíì yín nìyẹn, Mọ́mì.” Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ìgò tí ó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìyá rẹ̀ ni ó fi í sílẹ̀ fún un. Èépá funfun kan wà nínú rẹ̀ láti ìdí dé ọrùn. A kì í fọ̀ ọ́. Omi eérú ni a fi ń ṣàn án, a ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo bèèrè ìdí rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a.” Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń dáhùn ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn, olùkọ́ wa ní ilé-ìwé sì ti kọ́ wa pé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò tó.

Ooru mú púpọ̀ ní ọdún náà. Ìyàwó ilé wa kan, Ìyá Délé, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ, bí ọmọ tuntun, ó sì ra osùn lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ní ọjọ́ kẹta ó sáré jáde sí àárín agbo-ilé, ọmọ wà ní ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ọrùn àti àyà ọmọ náà ti sú wọ̀ǹwọ̀.

“Ẹ gbà mí o! Ìyá, ẹ wá wo ara ọmọ mi! Ṣé osùn lẹ tà fún mi ni àbí ilẹ̀pa?”

Ìyá Àgbà kò dìde ní ìdí ọlọ. “Gbé e sún mọ́ mi. Ooru ni. Aṣọ òtútù méjì ni o wọ̀ fún ọmọ nínú ooru yìí, àfi bí ẹni ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀.”

“Ooru kẹ̀! Ọmọ tèmi nìkan ni ooru rí? Wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ní lẹ́búlẹ́bú igi tí àwọn agẹgi ń dà nù ni ẹ ń pò mọ́ ilẹ̀pa, tí ẹ ń mọ ní ìṣù fún wa.”

“Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹnu ayé ni.”

“Ẹnu ayé kò ní orúkọ? Kò ní ìyá tí ó bí i? Pè é wá, kí n kí i.”

Àwọn obìnrin tí ó dúró rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọjà tó tún kò, abiyamọ méjì ti dá osùn padà láìwí nǹkan kan, wọ́n kàn gbé e sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni gbé àwo alájọjẹ padà. Baálé fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, àwọn àna sì ti gbọ́. Ó pe Ìyá Àgbà. Èmi ni mo gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ tẹ̀lé e, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, a kò ní jẹ́ kí wọ́n máa pe ilé wa ní ilé arẹ́nijẹ. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń sọ pé osùn ní ojú. Ẹ fi ojú náà hàn wá ní gbangba ní ọ̀túnla, kí Ìyá Délé mú èyí tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ wá. Bí a bá rí ojú náà, ọ̀rọ̀ parí. Bí a kò bá rí i, ẹ ó gbé ọlọ náà nílẹ̀, ẹ kò sì ní lọ osùn mọ́ nínú agbo-ilé yìí.” Ìyá Àgbà ní, “Mo gbọ́.” Nígbà tí a padà dé yàrá, ó jókòó, ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gba ọlọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun mìíràn tí ó kù tí a ó fi máa pè é.

Ohun tí mo ṣe, mo ṣe é nítorí ìfẹ́ tí mo ní sí i, mo sì tún ṣe é nítorí ìgbéraga. Àwọn àgbà ń bọ̀ wá wo ìgò wa, ìgò náà sì dọ̀tí. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ náà pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni a fi ń ṣí èérí kúrò lára gíláàsì. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú, nígbà tí Ìyá Àgbà lọ kí aláìsàn kan, mo ká ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta, mo gé wọn sí méjì-méjì, mo sì fún omi wọn sínú ìgò náà. Èépá funfun náà hó ṣọ́ọ́ bí ẹni pé ó wà láàyè, mo sì dunnú sí i. Mo fi ṣùkù àgbàdo ha á, mo tún fún ọsàn sí i, títí mo fi lè gba inú ìgò náà rí ìka ọwọ́ mi. N kò fi omi ṣàn án, nítorí pé mo rò pé bí omi ọsàn náà bá gbẹ síbẹ̀ ni yóò fi máa dán. Ewúrẹ́ jẹ èèpo ọsàn náà. Kò sí ẹni tí ó rí mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó yí ẹnu ọ̀nà wa ká. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbé ìgò náà, ó dúró díẹ̀, ó gbé e sókè, ó pajú pọ̀. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran dáadáa mọ́. Baálé húkọ́, ó ní, “Ìyá, oòrùn ń gòkè o.” Ó bá da omi sí i. Ìyá Délé tú osùn rẹ̀ kúrò nínú ewé, ó bu díẹ̀ sínú omi náà. A dúró kí ó tòrò. Ìyá Àgbà kọ́ aṣọ dúdú, ó gbé omi lásán tì í, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ó sì wò. Gbogbo wa wò. Omi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kò sí búlúù kankan. Ìgò méjèèjì dúró lásán.

“Ojú náà dà?” ni Ìyá Délé bèèrè.

Obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Ó lè jẹ́ pé kò tíì jí.” Ẹ̀rín sọ.

Ìyá Àgbà yí ìgò náà sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún dìde. Lẹ́yìn náà ó ki ìka kan bọ inú omi náà, ó sì tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ hun.

“Omi yìí kan,” ni ó wí. “Ta ni ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìgò mi?”

Mo ti di àgbàlagbà báyìí, mo sì lè sọ òtítọ́ pé ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ewúrẹ́ ti jẹ èèpo náà. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò gbà pé ìyá arúgbó kan ń wá àwáwí. Mo wo ọwọ́ pupa rẹ̀ lára ìgò náà, ó ń dì í mú jù. Mo dìde, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn bí a ti ń ṣe níwájú olùkọ́, mo ní, “Èmi ni, Mà. Mo fi fọ̀ ọ́ kí ó lè mọ́.”

“Háà!” Ìyá Délé pàtẹ́wọ́. “Wọ́n ti kọ́ ọmọ! Ẹ̀yin ará ilé, òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà! Tíṣà kékeré, ta ni ó kọ́ ọ ní èyí lójú oorun?”

“Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi, Mà.”

“Ṣé ọsàn ni yóò wá fọ́ osùn lójú?”

Ìyá Àgbà kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Ó ní, “Ìyá Délé, má gba ọmọ yìí gbọ́. Má gba èmi náà gbọ́. Lọ mú tọ́ńbílà gíláàsì tìrẹ wá. Bu omi nínú àmù tìrẹ. Bu eérú nínú ààrò tìrẹ, kí o fi omi sẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi kò ní kan ohunkóhun.” Ó ká ọwọ́ rẹ̀ sórí itan, ó sì jókòó.

Ìyá Délé lọ. Ó pẹ́ kí ó tó dé, nítorí pé ó fọ tọ́ńbílà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì lójú gbogbo ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bu omi, òun ni ó bu osùn, òun ni ó kán omi eérú sí i. Òun náà ni ó gbé e sí iwájú aṣọ dúdú, tí ó sì kọ ẹ̀yìn sí oòrùn gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà ti wí fún un. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tí ó nà. Búlúù náà wà níbẹ̀, ó yí etí omi náà ká, ó mọ́ ju èyí tí mo tíì rí rí lọ.

“Kán ọsàn sí i,” ni Ìyá Àgbà wí. Wọ́n fún ọsàn sí i, búlúù náà sì lọ bí ẹni pa iná. “Kán eérú.” Kò padà ní ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n kán eérú náà ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó padà. Baálé dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wá wò ó, ó ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe. Ìyá Délé kò tíì gbà. Ó bu ilẹ̀pa ní ẹsẹ̀ ògiri, ó pò ó nínú ife mìíràn, ó kán eérú sí i, ó gbé e sí oòrùn. Omi náà pupa dáadáa, ṣùgbọ́n afọ́jú ni.

Níbí yìí ni Ìbùkún ti dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, “Ṣùgbọ́n, Mọ́mì, ìyẹn fi hàn pé osùn wà níbẹ̀ ni. Kò fi hàn pé wọn kò po ilẹ̀pa mọ́ ọn.” Mo yìn ín, nítorí pé bí mo bá jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni, máàkì kíkún ni n bá fún un. Ìyá Àgbà náà mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Baálé rọra da omi inú tọ́ńbílà náà nù, kí ó sì fi ìka ra gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ife ilẹ̀pa. Ti ife ń ha ọwọ́, ó sì lẹ̀. Ti tọ́ńbílà jọ̀lọ̀ bí ìyẹ̀fun. Baálé nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì ní, “Ẹ lọ osùn ìyàwó wa kí oòrùn tó wọ̀.” Ìdájọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Délé kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó ká mi lára.” Ìyá Àgbà ní, “Bọ́ aṣọ òtútù yẹn lọ́rùn rẹ̀.” Ara ọmọ náà sì dá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ìbùkún ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí omi bá kan, ohun tí ó wà nínú igi náà yóò yí padà, kò ní lè dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà ní búlúù mọ́, àti pé eérú ni ó ń pa kíkan náà, pé irú iṣẹ́ kan náà ni èépá inú ìgò ń ṣe. Ó sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Èmi ti gbé ìbéèrè náà káàkiri láti ìwé kẹta.

Nígbà tí gbogbo wọn tú ká, mo wọ inú yàrá lọ, mo dúró de ẹgba. Ìyá Àgbà jókòó sí etí ẹní. Ó fẹ́ so ìborùn rẹ̀, ìka rẹ̀ kò sì lè dì í.

“Ẹ̀rù bà mí, Àsàbí,” ni ó wí.

“Ẹ̀yin, Ìyá Àgbà? Ṣebí ẹ mọ̀ pé osùn ni.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ìgò náà tí n kò rí ojú, mo rò ó pé bóyá ìyá mi ni ó purọ́ fún mi. Mo rò ó pé bóyá kò sí ojú kankan rí, pé èmi ni mo ń tan ara mi, tí mo sì ń tan gbogbo ayé láti ìgbà yìí wá.”

Mo bi í pé, “Kí ni ó dé tí ọsàn fi pa á?”

Mo ń retí pé yóò ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a.

“N kò mọ̀,” ni ó wí. “Ìwọ ni o ń lọ sí ilé-ìwé.”

Kò nà mí. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n fa òun dìde, mo sì fà á dìde, nítorí pé osùn ìyàwó kò tíì di lílọ̀, oòrùn sì ti ń lọ sí àtàrí.